Tún Bẹ̀rẹ̀, ni Kóòṣì Wí

Kí ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ báyìí bí ọrun tí wọ́n gbàgbé láti tú okùn rẹ̀, pákó ni mo ń rù jẹun. Ilé-ìlagi kan wà lọ́nà Ifọn, bí èèyàn bá ń jáde ní Ọ̀wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lo ìgbà èwe mi. Àwọn lọ́rì gẹdú á kó igi wá láti inú igbó apá Arimogija, ẹ̀rọ á là á, àwa á sì máa ru pákó tútù tó ń kán omi sí wa lọ́rùn, láti ẹnu ẹ̀rọ dé inú ọkọ̀. Ìwé kò rí mi gbà sí ibòmíràn. Páìmárì fáìfù ni mo dé tí tíṣà fi sọ pé orí mi ti kún, kí n máa lọ sílé kí ó má baà bẹ́.

Agbára mi nígbà náà kò ṣe é fẹnu sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Lọ́jọ́ kan tí jáàkì lọ́rì kan sọnù, èmi ni wọ́n fi ṣe jáàkì. Mo gbé ìdí ọkọ̀ sókè, dẹ́rẹ́bà pààrọ̀ táyà, ó jókòó, ó pò gààrí, ó mu ún, ó nu ẹnu, kí ó tó rántí sọ fún mi pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kí ó lọ bi dẹ́rẹ́bà náà. Ó ti kú.

Òfin kan wà láàárín àwa alábàárù pákó, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ tí gbogbo wa sì mọ̀. Bí wọ́n bá kí ọ lábẹ́ ẹrù, o gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyá àgbà kan lè máa kọjá lọ sóko, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ìwọ náà á ní, "Òo, ẹ ṣé o, màmá, ẹ kú ìrìn o," pẹ̀lú pákó ìrókò lórí, pẹ̀lú òógùn lójú. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, a ó ní ẹrù ti wọ̀ ọ́ lọ́fun. A ó fi ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi kì í kàn dáhùn lásán. Mo lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan ní ẹnu ẹ̀rọ kí n parí rẹ̀ nídìí lọ́rì, tí àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ ju pákó tiwọn sílẹ̀. Bí bàbá ìyàwó mi ṣe kọ́kọ́ mọ̀ mí nìyẹn. Aránṣọ ni, mùsùlùmí pàtàkì láàárín ìlú, tó wá ra pákó tí yóò fi kan tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Mo ń ru pákó rẹ̀, mo ń pa á lẹ́rìn-ín, nígbà tí a fi máa dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ó ti bi mí bóyá mo ti níyàwó.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òun ni ọ̀gá wa gbogbo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ kí ó gbé pákó arère lásán, igi tó fúyẹ́ jù lọ nínú igbó, a sì gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ ìrèké. Kò nà tán mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo máa ń yà kí i. Ní ìdí ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń gbé e sí láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ á sì wá gbé e wọlé bí oòrùn bá dé ibẹ̀. Èmi náà ti ń di ògiri mú kí n tó lè dìde lórí ẹní. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, èmi tí wọ́n fi ṣe jáàkì?

Ìyẹn ló fà á tí etí mi fi là nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa gbé irin fún ìpínlẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, gbogbo nǹkan ló sì ń fẹ́ ní tirẹ̀, títí kan àwọn alágbára. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún un níṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, kí ó máa gé koríko pápá ìṣeré, kí ó sì máa gba owó oṣù. Koríko! Mo ronú nípa koríko bí ẹlòmíràn ṣe ń ronú nípa ọ̀run. Koríko kì í ṣẹ́ ẹni lẹ́yìn.

Ará Àkókó kan ni kóòṣì tó ń kọ́ni níbẹ̀. Tíṣà ni ní ilé-ìwé gíga kan nínú ìlú, ọkùnrin tín-ín-rín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bíi ti lékèélékèé. Abẹ́ ahéré páánù kan lẹ́yìn ilé-ìwé náà ló kó àwọn irin ìjọba sí: irin gígùn kan, àti àwọn àwo irin tí wọ́n ń kì bọ orí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí i. Èrò ti pé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká ẹ̀yìn mi bí a ṣe ń ká a nílé-ìlagi, mo já irin náà nílẹ̀ bí ẹni já ewúro. Àwọn èèyàn hó yèè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú agbára o!" Mo dáhùn, "Òo, ẹ ṣé o, ẹ bá mi kí wọn nílé," irin ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tún bẹ̀rẹ̀."

Mo sọ irin kalẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe wí.

"Rárá. Mo ní, tún bẹ̀rẹ̀."

Mo rò pé bóyá n kò bẹ̀rẹ̀ tó. Mo tẹ̀ sí i, títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí lò ń wá nílẹ̀? O sọ owó nù ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá."

"N kò ní kí o tẹ̀ sílẹ̀! Mo ní kí o tún un bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn àwo irin náà kúrò lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tó yọ wọ́n tán, ó ti irin gígùn náà fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì gbé ọ̀pá oparun kan lé mi lọ́wọ́. "Gbé èyí."

Inú mi dùn díẹ̀, mo rò pé eré ló ń ṣe. Eré kọ́. Láti ìgbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí wọ́n fi sè é tà lójú títì, oparun ni mo gbé. Ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ pákó, èmi tí mo gbé lọ́rì, mo ń gbé ọ̀pá tí àwọn obìnrin fi ń sá aṣọ. Kóòṣì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ̀yìn gbọọrọ. Àyà síta. Ìbàdí ni kí o fi lọ sílẹ̀, kì í ṣe ọrùn. Fa èémí sínú ikùn, pa á mọ́ síbẹ̀, má mí títí wàá fi nà tán." Bí mo bá ṣe ọ̀kan, èkejì á bàjẹ́. Bí ẹ̀yìn bá nà, orúnkún á yà. Bí orúnkún bá wálẹ̀ dáadáa, ẹnìkan á kọjá lọ́nà, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," èmi á sì dáhùn, gbogbo èémí á jáde, ẹ̀yìn á ká.

"Pa ẹnu dé!"

"Àgbàlagbà ló kí mi, ọ̀gá."

"Kí ó kí ọ padà lọ́la. Tún bẹ̀rẹ̀."

Ó fẹ́ràn òwe kan. Ó ní sùúrù ni baba ìwà. Ọjọ́ kan ni mo bi í pé, bí sùúrù bá jẹ́ baba ìwà, ta ni ìyá rẹ̀? Mo ní, "Ìyà ni." Ó ní, "Ó dára. Lọ gbé oparun rẹ."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ara kì í gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan. Ti tuntun kò tíì wọlé tí ti àtijọ́ fi jáde lọ. Ní ilé-ìlagi, mo dé ìdí pákó, ara mi kò mọ èyí tí yóò ṣe. Mo ń na ẹ̀yìn, mo ń wá ìbàdí, mo ń fa èémí, àwọn tó wà lẹ́yìn mi sì tò bí èèrà.

"Ẹ jẹ́ kí ó kírun tán," ọ̀kan nínú wọn á ní.

"Kì í ṣe ìrun, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ pákó ni."

"Ìwọ, ṣé ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ níbẹ̀ yẹn ni? Gbé e!"

Èmi tí mo máa ń dá wọn lóhùn kí wọ́n tó sọ tán, n kò rí nǹkan kan sọ, nítorí èémí wà nínú ikùn mi. Wọ́n rò pé mo ti di agbéraga. Kò pẹ́ tí wọn kò bá mi ṣeré mọ́. Ẹni tó ni ilé-ìlagi rí i pé mo ń falẹ̀, ó ní kí n máa kó lẹ́búlẹ́bú igi tí ẹ̀rọ ń tu sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn arúgbó ni. Lẹ́búlẹ́bú yẹn á bò mí lórí, irun mi á funfun. Nígbà tí mo bá délé, ìyàwó mi á ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá àgbà." Ó ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé lọ jókòó.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kóòṣì ti dá irin padà fún mi, ó sì ti kó àwo díẹ̀ sí i, ẹrù gidi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo fa èémí, mo lọ sílẹ̀, mo gbá irin mú. Ohun gbogbo dákẹ́ nínú ara mi. Ẹ̀yìn mi nà bí ògiri. Irin ń bọ̀, ó ti dé orúnkún, ni mo gbọ́ ohùn kan láti ojú ọ̀nà.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Bàbá ìyàwó mi ni, pẹ̀lú àwọn àgbà mọ́sálásí tí wọ́n jọ ń bọ̀. N kò dáhùn. Mo rí i gedegbe, ojú wa ṣe mẹ́rin, n kò sì dáhùn. Ó tún un pè, "Àna mi!" Irin dé itan. Mo nà tán, mo dúró, mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Nígbà tí mo fi máa la ẹnu, ọ̀nà ti ṣófo. Mo sáré jáde, mo dọ̀bálẹ̀ sójú títì, fún eruku. Lẹ́yìn mi ni kóòṣì ti ń pàtẹ́wọ́: "Ó dé! Ó ti dé!"

Mo lọ bẹ̀ bàbá ìyàwó mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò dúró.

"Haà, o lè sọ̀rọ̀? Mo ti sọ fún àwọn èèyàn mi pé wọ́n ti gé ahọ́n rẹ."

"Ẹ má bínú, bàbá. Èémí ni."

"Èémí ṣe kí ni?"

"Wọ́n ní kí n fà á sínú ikùn kí n má tú u sílẹ̀."

"Òkú nìkan ni mo mọ̀ tí kì í tú u sílẹ̀." Ó gé òwú. "Ìwọ gbọ́. N kò fún ọ lọ́mọ nítorí agbára. Màlúù lágbára. Mo fún ọ nítorí pé ẹrù wà lórí rẹ, o ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi kò ní sunkún lọ́wọ́ ẹni yìí. Ní báyìí, wọ́n ti gba ẹnu rẹ, wọ́n sì ní o ti ń gbá ilẹ̀ nílé-ìlagi. Kí ni mo wá fi ọmọ mi fún?"

Mo sọ fún un pé kí ó ní sùúrù, pé bí mo bá yege ní Àkúrẹ́, gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ó ní, "Inṣá Allāhù," bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó ní òun á san gbèsè.

Àkúrẹ́ dé. Pápá kún. Wọ́n fún oníkálùkù ní ìgbìyànjú mẹ́ta, ẹni tó bá sì gbé èyí tó wúwo jù ni wọn yóò mú nínú àwa tí a jọ wúwo bákan náà. Ọmọ àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ láti apá Arimogija, tí kò gbé irin rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní iṣu ló gbé wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó rí èrò tó sì yà. Bí ó bá jẹ́ irọ́, àwọn ni wọ́n pa á fún mi. Ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀: ó ká bí edé tí wọ́n dà sínú epo gbígbóná. Bí mo ṣe ń ká tèmi gẹ́lẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ó já irin náà, ó gbọ̀n jìgìjìgì, ó nà. Adájọ́ gbé àsíá funfun, pé ó yege. Ó sì yí ojú sí àwọn èrò, ó ní, "Ẹ ṣé o!"

Ìgbìyànjú mi ìkẹyìn ló kù. Wọ́n kó irin lé e ju tirẹ̀ lọ díẹ̀. N kò tíì gbé irú rẹ̀ rí lọ́nà tuntun. Lọ́nà àtijọ́, mo ti gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìtàn lẹ́nu. Mo fa èémí. Mo lọ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Irin kúrò nílẹ̀, ó ń bọ̀, ó dé orúnkún, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìbaaka. Mo mọ̀ nígbà náà, bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi, pé bí mo bá lè ká ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí n jù ú bí a ṣe ń jù ú, yóò wá. Ara mi ń bẹ̀ mí. Mo rí ọkùnrin ìdí ilẹ̀kùn yẹn tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé wọlé. Mo sì gbọ́ kóòṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá: "Sùúrù! Sùúrù!" N kò ká a. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn gbọọrọ, irin náà sì rọra padà sílẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan tó gbàgbé sílé.

Ọmọ àgbẹ̀ náà ni wọ́n mú.

A jókòó sórí òkúta kan lẹ́yìn pápá, èmi àti kóòṣì. Mo bi í, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ rí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Mo rí i. Yóò bàjẹ́."

"Nígbà wo?"

"Kì í ṣe lónìí." Ó fi eyín gé èékánná rẹ̀. "Gbígbé tìrẹ ló dára jù lórí pápá yìí. Tí a bá tún fi ọdún kan sí i..."

"Ṣé wọ́n ń gba ẹ̀yìn gbọọrọ síṣẹ́ gígé koríko?"

Ó jọ pé òun náà ti fa èémí sínú ikùn.

Ọdún kan tó ní ká fi sí i kò pé. Sọ́jà lọ, ìjọba alágbádá dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó gbogbo irin ìjọba jọ sí ojú kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí kóòṣì náà máa lọ sí ilé-ìwé kan lókè lọ́hùn-ún ní Àkókó. Lọ́rì tó wá kó irin kò mú alábàárù wá. Dẹ́rẹ́bà béèrè ibi tí òun ti lè rí ẹni tó lágbára, wọ́n sì darí rẹ̀ sí ilé-ìlagi, ẹni tó ni ilé-ìlagi sì wo yíká, ó rí mi nínú lẹ́búlẹ́bú igi. Ó ní, "Ìwọ, máa bá a lọ. Iṣẹ́ tìẹ dé."

Bí ó ṣe di pé èmi ni mo ru àwọn irin náà nìyẹn. Mo fa èémí, mo na ẹ̀yìn, mo fi ìbàdí lọ sílẹ̀, mo gbé e, mo tì í sínú ọkọ̀. Mo padà wá mú òmíràn. Kóòṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré páánù náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo dé orí irin gígùn. Nígbà tí mo gbé ìyẹn, ojú rẹ̀ yí padà, ó gbàgbé pé wọ́n ń lé òun lọ.

"Wò ó! Wo orúnkún rẹ! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀!"

Dẹ́rẹ́bà yọ orí síta, ó kọjú sí mi. "Alàgbà, ṣé ẹ̀ ń jó ni? Ẹ gbé e wọlé, òjò ń bọ̀."

Mo gbé e wọlé. Mo ti ìdí ọkọ̀ pa. Kóòṣì na ọwọ́ sí mi, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó gun iwájú ọkọ̀, kí wọ́n lè já a sí gáréèjì ọkọ̀ Àkókó, wọ́n lọ. Nígbà tí mo dé ilé-ìlagi, òjò ti ń kán. Ọkọ̀ kan ti wà níbẹ̀ tó fẹ́ gbéra kí ọ̀nà tó bàjẹ́, ọ̀kan nínú àwọn alábàárù kò sì wá síṣẹ́. Ẹni tó ni ilé-ìlagi nawọ́ sí òkìtì pákó. Mo ká aṣọ mi ṣe òṣùká, mo fi òṣùká náà lé orí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń ké pé kí n ṣe kíá, òjò ń pa àwọn. Mo ká ẹ̀yìn mi.